Wi-Fi ń sáré ju wáyà lọ: ta ló gbé ògiri sí 94?

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Íntánẹ́ẹ̀tì fáíbà la ń lò nílé wa n’Íbàdàn, 300 Mbps (mílíọ̀nù bíìtì 300 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) la ń sanwó fún. Tí mo bá jókòó ti róútà ní pálọ̀, Wi-Fi ń fún mi ní 260, nígbà míì 280. Mo wá ní kí wọ́n fa wáyà gòkè sí yàrá mi torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Àwọn tó wá so kámẹ́rà fún bàbá wa ló bá mi fà á lọ́jọ́ náà, á tó mítà 25. 94 ni wáyà ń fún mi. Láàárọ̀ 94, lóru 94. Mo pe àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe tàwọn. Àna mi ní kí n pààrọ̀ róútà. Ẹni tó ń ta wáyà ní kí n ra Cat8, irú wáyà tí wọ́n ní ó ń sáré jù. Ṣebí gbogbo yín lẹ ń sọ pé wáyà dára ju Wi-Fi lọ? Àbí ẹ kàn ń tàn wá ni?”

Má pààrọ̀ róútà. Má ra Cat8. Fi owó ẹ sápò ná.

Iye tó o kọ yẹn ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ká ní o sọ pé 140 láàárọ̀, 60 lálẹ́, 210 lóru ni, ǹ bá ní kó o lọ bá àwọn tó ń ta á fún yín wí, tàbí kó o ka iye èèyàn tó ń wo fíìmù nínú ilé. Ṣùgbọ́n 94 tí kò yẹ̀ lọ́sàn-án lóru, ògiri ni. Ẹnì kan ti mọ ògiri sí 100, iwájú ẹ̀ lo sì ń dé tó o ń padà.

Ethernet, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà, kì í yan eré bó ṣe wù ú. Àtẹ̀gùn ló ń gùn: 10, 100, 1000. (2500 àti 5000 náà ti wà láti 2016, ṣùgbọ́n róútà inú ọ̀pọ̀ ilé wa kò tíì débẹ̀.) Kò sí àtẹ̀gùn 300. Tó o bá ti ki wáyà bọ ihò, kọ̀ǹpútà àti róútà á kọ́kọ́ kí ara wọn, wọ́n á sì fohùn ṣọ̀kan lórí àtẹ̀gùn tó ga jù tí àwọn méjèèjì lè dúró lé. Tìẹ ti dúró sórí 100.

Bí 100 ṣe wá di 94 rọrùn. Nínú báìtì 1538 tó bá gba orí wáyà kọjá, 1460 ni ẹrù tó o rán. Ìyókù jẹ́ àdírẹ́sì, àyẹ̀wò, àti ìsinmi ráńpẹ́ láàárín ẹrù kan sí èkejì. Pín 1460 sí ọ̀nà 1538, wàá rí 0.949. Àwọn kọ̀ǹpútà míì tún máa ń kọ àkókò sára ẹrù, á wá ku 1448, ìyẹn 0.941. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń rí 94 kan náà, bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn títí dé Houston. Ká ní orí 1000 lo dúró sí, nǹkan bíi 940 ni wáyà lè gbé, 300 yín á sì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Kí ló wá dá a dúró sí 100? Gé wáyà yẹn, wàá rí okùn tín-ín-rín mẹ́jọ, tí wọ́n lọ́ mọ́ra ní méjì-méjì. Ìbejì mẹ́rin ni mo máa ń pè wọ́n: ọ́réǹjì àti funfun-ọ́réǹjì, gíríìnì àti funfun-gíríìnì, búlúù àti ti ẹ̀, búráùn àti ti ẹ̀. Eré 100 kò nílò ju ìbejì méjì lọ, ọ́réǹjì àti gíríìnì, lórí pin 1, 2, 3 àti 6 (pin ni àyè tí okùn kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí ní orí wáyà, ike tó ń wọ ihò). Búlúù àti búráùn á kàn jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti 1000, tí wọ́n gbé òfin ẹ̀ jáde ní 1999, okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ń lò pa pọ̀. Tí okùn kan bá já lára búlúù tàbí búráùn, lọ́pọ̀ ìgbà íntánẹ́ẹ̀tì ò ní kú. Ì bá kú, ò bá ti mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Á kàn rọra sọ̀ kalẹ̀ sí 100, kò ní sọ fẹ́nì kankan.

Tó bá jẹ́ Windows lò ń lò, ṣí Settings, wọ Network & internet, tẹ Ethernet, wo ibi tí wọ́n kọ Link speed sí. Tó bá jẹ́ Linux, kọ ethtool àti orúkọ ihò náà, á sọ fún ẹ. Kọ iye tó o bá rí síbí. Lẹ́yìn náà, gbé laptop lọ sí pálọ̀, fi wáyà kékeré tó bá róútà wá nínú páálí so ó, kó o tún wò ó.

* * *

Kó tó padà dé, ẹnì kan ti bínú wọlé. Ó ní irọ́ ni gbogbo ìṣirò yìí, pé òun náà ń lo wáyà, 11 péré lòun ń rí tí òun bá ń gba fáìlì sílẹ̀, òun ò sì fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ògiri.

Ọ̀gá, wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé 11 yẹn. Tó bá jẹ́ MB pẹ̀lú B ńlá, báìtì ni. Báìtì kan jẹ́ bíìtì mẹ́jọ, bíìtì la sì fi ń ka 94 tiwa. Ẹ pín 94 sí ọ̀nà mẹ́jọ, ẹ ó rí 11.75. Ẹ káàbọ̀ sẹ́gbẹ́ wa. Ògiri kan náà ló dúró níwájú ẹ̀yin náà.

* * *

“Ẹ̀gbọ́n, 100/100 ló kọ nínú yàrá. Mo gbé e lọ sí pálọ̀ pẹ̀lú wáyà kékeré, ó di 1000/1000. Mo dán íntánẹ́ẹ̀tì wò, 291.”

Ó tán. Ara róútà yá, ara laptop yá, àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì kò jẹ̀bi. Àárín pálọ̀ àti yàrá ẹ ni olè wà. Ó lè jẹ́ okùn inú wáyà, ó lè jẹ́ orí tí wọ́n fi sí i lápá ìhín tàbí apá ọ̀hún.

Àìmọye èèyàn ni kì í ṣe àyẹ̀wò yìí kí wọ́n tó náwó, ó sì ń dùn mí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

* * *

Ẹ jẹ́ ká dáhùn àwọn tó ní kó ra Cat8.

Mo rí i pé mẹ́ta lára yín ti gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, tìfẹ́tìfẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n Cat5e tí owó ẹ̀ kò tó nǹkan ń gbé 1000 fún odindi mítà 100. Cat6 ń gbé 10,000 dé nǹkan bíi mítà 55. Cat6A ló ń gbé 10,000 náà dé mítà 100. Cat8 ńkọ́? Inú yàrá ńlá tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń kó sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá wọn) sí ni wọ́n ṣe é fún, kí àpótí kan lè bá àpótí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀ ní 25,000 tàbí 40,000, kò sì ju mítà 30 lọ. Kí lọmọ Ìbàdàn tó ń sanwó 300 fẹ́ fi ṣe? Ẹni tó fẹ́ pọnmi láti inú kànga kì í yá páìpù ilé-ìfọpo.

Cat7 tún ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ṣòfin wáyà, TIA, kò fọwọ́ sí i rí. Àjọ àgbáyé ló ní in nínú ìwé, orí tí wọ́n sì ní kí wọ́n fi sí i yàtọ̀ sí RJ45 tá a ń lò yìí. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí “Cat7” pẹlẹbẹ bíi ribọ́ọ̀nù, tí wọ́n fi orí RJ45 sí, tí owó ẹ̀ kò ju ti búrẹ́dì mélòó kan lọ, ẹ bi ara yín léèrè ohun tẹ́ ẹ rà. Ó lè ṣiṣẹ́ o. Mi ò ní kò ní ṣiṣẹ́. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ni mi ò gbà gbọ́.

Ohun tí wọ́n fi ṣe okùn inú ẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ máa bèèrè, kì í ṣe nọ́ńbà tó tẹ̀ lé Cat.

* * *

Èmi náà ti jìyà ẹ̀. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gba iṣẹ́ ọ́fíìsì kan l’Ékòó, yàrá mẹ́rin. Mo ra páálí wáyà kan, mítà 305 bó ṣe máa ń rí. Wọ́n kọ Cat6 gàdàgbà sára páálí. Mo gbé e léjìká, ó fúyẹ́, inú mi tiẹ̀ dùn pé kò ní mi lágara lórí àtẹ̀gùn. Ìyẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ ta mí lólobó.

Yàrá mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ bó ṣe yẹ, 1000 gbogbo wọn. Yàrá kẹrin ló jìn jù, á lé ní mítà 60. Láàárọ̀ á wà ní 1000. Tí oòrùn bá ti mú òrùlé gbóná, á já, á padà wá ní 100, á tún já. Mo pààrọ̀ orí wáyà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pààrọ̀ suwíìṣì, àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì sí wáyà yàrá kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà ti ń wò mí bí ẹni tó wá kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ara ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta ni mo jókòó sílẹ̀, mo bó èèpo okùn kan, mo fi abẹ họ ọ́. Pupa bàbà ṣí kúrò, funfun ni inú ẹ̀. Alumíníọ̀mù ni, wọ́n kàn fi bàbà ra á lára. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sára wáyà fúnra ẹ̀, mo ń ka lẹ́tà wínníwínní tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, mo bá rí i: CCA, ìyẹn copper-clad aluminium, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. Wọn ò purọ́ fún mi, mi ò kàwé ni. Owó apò mi ni mo fi ra bàbà gidi tí mo fi tún yàrá náà ṣe.

Alumíníọ̀mù ń dènà iná ju bàbà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po kan ààbọ̀. Tí òrùlé bá gbóná, ìdènà náà tún ń pọ̀ sí i. Yàtọ̀ síyẹn, kò ní sùúrù: tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta níbi orí, á kán nínú èèpo, ojú ò ní rí i. Bàbà sì wúwo ju alumíníọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé. Ẹ máa gbé páálí wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ máa mú abẹ dání lọ sọ́jà, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ họ okùn kan wò. Ẹni tí ọjà ẹ̀ dáa kì í bínú sí ìyẹn.

Ẹnì kan dá mi lóhùn pé CCA lòun ń lò nílé láti ọdún mẹ́rin, 1000 ni, kò já rí. Mo gbà á gbọ́. Mítà mẹ́wàá láti róútà dé orí tábìlì, kò séwu. Ṣùgbọ́n kí n wú símẹ́ńtì, kí n ri í mọ́ ògiri, kí n sì kun ọ̀dà lé e, mi ò ní fi CCA ṣe é. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí wáyà náà gbé iná fún kámẹ́rà, kó má tiẹ̀ dán an wò.

* * *

Ẹlòmíì tún kọ̀wé: “Mo fi tẹ́sítà yẹ tèmi wò, iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tàn, 1 dé 8. Síbẹ̀ 100 ni. Torí náà, ọ̀rọ̀ okùn tó já tẹ́ ẹ̀ ń sọ kò rí bẹ́ẹ̀.”

Àwa tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ń jà lórí èyí lójoojúmọ́.

Tẹ́sítà tó ń tanná yẹn, ìbéèrè kan péré ló mọ̀ bí: ṣé okùn tó wọlé ní pin 1 níbí ló jáde ní pin 1 lọ́hùn-ún? Kò mọ ẹni tó jẹ́ ìbejì ẹnì kejì. Wàá fi ojú ara ẹ rí i pé aláṣẹ̀ṣẹ̀kọ́ṣẹ́ kan to okùn bó ṣe rẹwà lójú ẹ̀: funfun-ọ́réǹjì, ọ́réǹjì, funfun-gíríìnì, gíríìnì, funfun-búlúù, búlúù, funfun-búráùn, búráùn. Ó to bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, ó to bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Tẹ́sítà á tàn bí ọjọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n pin 3 àti 6 ló yẹ kó jẹ́ ìbejì. Bó ṣe tò ó yìí, pin 3 jẹ́ funfun-gíríìnì, pin 6 wá jẹ́ búlúù. Ó ti fi Táyé ilé kan so pọ̀ mọ́ Kẹ́hìndé ilé kejì.

Kí ló burú ńbẹ̀? Lílọ́ tí wọ́n lọ́ okùn méjì mọ́ra yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Láti 1881 ni Alexander Graham Bell ti gba ìwé àṣẹ lé e lórí, nígbà tí wáyà tẹlifóònù kan ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wáyà kejì. Tí a bá lọ́ ìbejì mọ́ra, ariwo tó bá ta bá ọ̀kan á ta bá èkejì lọ́gbọọgba, ẹ̀rọ tó wà lópin á sì yọ ọ́ dànù. Tó o bá wá fi ọmọ ilé méjì ṣe ìbejì, ariwo ò ní dọ́gba mọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀kan á máa ta sí èkejì létí. Wáyà kúkurú lè fara dà á ní 100. Tó bá di 1000, wọn ò ní gbọ́ra wọn yé.

Bó ṣe yẹ kó rí, ti T568B, ètò àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń lò: funfun-ọ́réǹjì, ọ́réǹjì, funfun-gíríìnì, búlúù, funfun-búlúù, gíríìnì, funfun-búráùn, búráùn. Ẹ wò ó bí gíríìnì ṣe gbé búlúù méjèèjì sáàárín. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣì í. Ẹ má sì tú lílọ́ rẹ̀ ju mílímítà 13 lọ kẹ́ ẹ tó ki okùn bọ orí. Mo mọ ọ̀gá kan tó máa ń tú u gùn bí ìka ọwọ́ kí okùn lè rọrùn tò, á wá máa ṣépè fún suwíìṣì.

Àwọn kan ní tí wọ́n bá to A (T568A, tí ọ́réǹjì àti gíríìnì ti gba àyè ara wọn) lápá kan, B lápá kejì, ìyẹn ló ń fa 100. Rárá. Ìyẹn kàn sọ ọ́ di wáyà ìdàkejì ni. Àwọn ẹ̀rọ tó mọ 1000 lónìí á kàn yí i padà fúnra wọn, wọn ò ní bi yín. Ìwà ọ̀bùn ni, kì í ṣe àìsàn.

* * *

Ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó ní kẹ́ ẹ wọ inú ètò kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ fi ipá ti í sí “100 Full” kó lè dúró sójú kan. Tẹ́ ẹ bá fi ipá tì í lápá kan, tí róútà sì ń retí ìkíni lápá kejì, róútà ò ní gbọ́ ìkíni, á rò pé ẹ̀rọ àtijọ́ ló ń bá òun sọ̀rọ̀, á wá sọ tirẹ̀ di “Half”. Ọ̀kan á máa sọ̀rọ̀ nígbàkígbà tó bá wù ú, èkejì á máa dúró kó dákẹ́. 94 yẹn gan-an á wá di ohun tẹ́ ẹ̀ ń fojú sùn.

Ìkíni yẹn náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Orí ọ́réǹjì àti gíríìnì nìkan ló ń gbà. Nítorí náà, bí búlúù bá tiẹ̀ já, àwọn méjèèjì ṣì lè kí ara wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, kí wọ́n gbà sí 1000, kí wọ́n wá bọ́ síṣẹ́ kí iṣẹ́ má ṣeé ṣe. Àwọn ẹ̀rọ tó gbọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí 100 lẹ́yìn ìgbìyànjú mélòó kan. Àwọn tí kò gbọ́n á tún kí ara wọn, wọ́n á tún já, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Iná ihò tó ń tàn tó ń kú láìsinmi, ìyẹn ló ń ṣe.

* * *

Màmá kan kọ̀wé láti Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé tuntun ni wọ́n rà, ihò wáyà wà lára ògiri yàrá gbogbo, inú wọn dùn. Yàrá kan ń gba 100, òmíràn ò gba nǹkan kan. Àwọn ọmọ ní kí wọ́n lọ ra ẹ̀rọ tó ń gbé Wi-Fi kiri ilé.

Ẹ kú ilé tuntun, Mà. Ẹ má tíì rà á. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tú ojú ihò kan lára ògiri, ihò íntánẹ́ẹ̀tì o, kì í ṣe ti iná mànàmáná, kó ka iye àwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ wọ ẹ̀yìn ẹ̀. Àwọn kan lára àwọn tó ń kọ́lé níbẹ̀ máa ń fa Cat5e gidi kiri ilé, ṣùgbọ́n wọ́n á so ó bíi ti tẹlifóònù: okùn méjì tàbí mẹ́rin ní wọ́n á tẹ̀ wọlé, ìyókù á ká jọ sẹ́yìn bí irun tí wọn ò dì. Bàbà gidi wà nínú ògiri yín, wọn ò kàn jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ okùn wọlé kò wọ́n. Kí wọ́n tẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, lápá méjèèjì, kí wọ́n sì tẹ̀ lé àwọ̀ tó wà lára ihò náà.

Tí wáyà bá ń gba yàrá kan lọ sí yàrá kejì kó tó dé ìdí róútà, ìyẹn tún ọ̀rọ̀ míì. Ẹ kọ ọ́ wá, Mà.

* * *

Kí n má gbàgbé: ìgbà míì wáyà ò mọwọ́mẹsẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ọ̀pọ̀ wa, ihò 100 ló ní, bẹ́ ẹ fi wúrà ṣe wáyà, 100 náà ni. Suwíìṣì àtijọ́ tí ẹ gbà lọ́wọ́ ọ̀fíìsì náà ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, tó bá kọ 10/100, ẹ fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀. Àwọn laptop kan sì wà tó jẹ́ pé tí iná bá lọ, tí wọ́n bọ́ sórí bátìrì, wọ́n á fọwọ́ ara wọn sọ eré kalẹ̀ láti fi ṣọ́ iná. Lórílẹ̀-èdè tiwa, ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́.

* * *

Ọmọ Ìbàdàn, mo ti ń rò ó látàárọ̀. O ní àwọn tó wá so kámẹ́rà ló fa wáyà yẹn. Lọ wo orí wáyà nínú yàrá ẹ. Ike tó mọ́ gaara ni, gbé e sábẹ́ iná, ka àwọ̀ tó dé iwájú. Ó yẹ kí n ti ní kó o ṣe èyí látìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mò ń fi Cat8 ṣeré kiri.

“Mẹ́rin ni, Ẹ̀gbọ́n! Ọ́réǹjì méjì, gíríìnì méjì. Àyè tó kù ṣófo. Mo wo ti pálọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni.”

Ó dáa. Má tíì fi orí tuntun sí i. Búlúù àti búráùn tí kò sí níbẹ̀ ò sọnù, wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbòmíì. Kámẹ́rà bàbá yín, ibo ló wà, ibo ló sì ti ń gba iná?

“Bálíkónì ló wà, Wi-Fi ló ń lò. Ṣájà ẹ̀ wà ní pálọ̀, nídìí róútà. Wáyà ṣájà náà wọnú páìpù kan náà pẹ̀lú tèmi.”

Páìpù kọ́, inú wáyà ẹ gan-an ló wọ̀. Wọ́n fi búlúù méjèèjì ṣe pọ́sítífù, búráùn méjèèjì ṣe nẹ́gátífù, iná fóòtì (volt) 12 ń gba ibẹ̀ gòkè. Lórí àjà níbì kan, wọ́n ti gé èèpo, wọ́n yọ mẹ́rin yẹn sí bálíkónì, wọ́n fi mẹ́rin tó kù ránṣẹ́ sí ẹ. Mi ò ní pè wọ́n lólè. Nígbà tí gbogbo wa wà ní 100, àrékérekè tó mọ́gbọ́n dání ni, ó ń dín owó wáyà kù, èmi náà ti ṣe é fáwọn èèyàn rí. Àwọn kan tiẹ̀ ń fi wáyà kan ṣe íntánẹ́ẹ̀tì yàrá méjì bẹ́ẹ̀. Ohun tó burú ni pé wọn ò sọ fún ẹ.

Tó o bá kàn kó okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bọ orí tuntun lónìí, fóòtì 12 á wọ ihò róútà, kò sì dájú pé róútà á yè é. Kọ́kọ́ yọ ṣájà kámẹ́rà kúrò lára iná. Gun àjà, wá ibi tí wọ́n ti gé e. Tó bá jẹ́ pé wọ́n gé búlúù àti búráùn já pátápátá, wáyà tuntun ni kó o fà láti pálọ̀, má so ó pọ̀ mọ́ra pẹ̀lú téépù. Bàbà gidi, Cat5e tàbí Cat6, èyí tó bá wà. Jẹ́ kí ògbólógbòó yẹn di ti kámẹ́rà.

* * *

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti dé. Wọ́n gé e já lóòótọ́, lókè àjà bálíkónì, wọ́n fi téépù dúdú wé e. Mo ra mítà 30 Cat6, mo họ ọ́ wò níwájú ẹni tó ń tà á, pupa dénú. Ó wojú mi tìtì. 1000/1000. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta: 293, 290, 294. Ṣùgbọ́n mo gbàgbé láti ki ṣájà kámẹ́rà padà láti àná. Bàbá ń bèèrè nísàlẹ̀ báyìí pé ta ló ṣí géètì lóru.”

Lọ ki ṣájà bọ̀ ọ́ kó o tó dáhùn.